ÀKÀRÀ BÀRÍGÀ ÀTI ÀKÀRÀ BAHIA

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi kò rìn ju Ṣómólú lọ kí n tó rí tèmi. Ní ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ wa rán mi lọ sí ọ̀dọ̀ atẹ̀wé kan níbẹ̀, nítorí gbogbo wa ni a mọ̀ pé Ṣómólú ni ibùdó iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Èkó. Bí mo ti ń dúró de ọ̀gá atẹ̀wé, mo rí àwòrán kan nínú kàlẹ́ńdà tó wà lórí tábìlì. Obìnrin dúdú kan wé gèlè funfun, ó wọ aṣọ funfun, ó kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, ó sì jókòó ti agbada epo gbígbóná. Àkàrà ni ó ń dín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Ìsàlẹ̀ Èkó nìyí?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò, ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀." Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì, ni mo kà.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju bí ọ̀gá ti rò lọ. Ìyá mi ń dín àkàrà ní Bàrígà. Owó àkàrà ni ó fi rán mi dé yunifásítì. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè iṣẹ́ rẹ̀, "oníṣòwò ni" ni mo máa ń wí, n kì í sì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ orúkọ wò. Acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà ní Bahia. Ohun tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń wí ni pé "àkàrà" àti "jẹ" ni wọ́n so pọ̀. Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Nígbà tí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ń túká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn obìnrin wọn a máa kiri oúnjẹ ní ìgboro Salvador. Wọn a san iye tí ọ̀gá wọn bù fún wọn, wọn a sì tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́kù. Àwọn mìíràn fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra ara wọn padà kí òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní Bràsíìlì ní 1888.

Bí wọ́n ti ń ṣe é ńkọ́? Wọn a rẹ ẹ̀wà sómi, wọn a bó èèpo rẹ̀, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, wọn a sì fi ṣíbí onígi pò ó títí yóò fi wú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá mi ń ṣe é, tí apá a máa ro ó. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín tiwọn; òróró ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò nísinsìnyí. Bí wọ́n bá pọ́n ẹ̀wà lílọ̀ náà sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sè é, abará ni. Ẹni tó bá mọ ọ̀ọ̀lẹ̀ kò ní béèrè ohun tí ó jẹ́.

Ìyàtọ̀ wà o. Ní Bàrígà, búrẹ́dì ni a ń là kí a tó ki àkàrà bọ̀ ọ́. Ní Bahia, àkàrà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń là, tí wọ́n ń ki edé, ata àti ọbẹ̀ ilá tí wọ́n ń pè ní caruru bọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ti ẹnu nìkan. Lọ́dọ̀ wọn àti lọ́dọ̀ wa, oúnjẹ Ọya ni àkàrà. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n a máa se caruru ní orúkọ ìbejì fún àwọn ọmọdé. Èmi náà ti jẹ ẹ̀wà ìbejì ní Bàrígà láìmọye ìgbà.

Ní ọdún 2005, ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà Bahia sínú ìwé ogún àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí wọ́n ń múra Ife Àgbáyé 2014, tí wọ́n fẹ́ lé wọn jìnnà sí pápá ìṣeré Fonte Nova, àwọn obìnrin náà fi ẹ̀hónú hàn títí wọ́n fi gbà kí wọ́n tà níbẹ̀. Ní tiwa, àwọn tí ń lé oníṣòwò ẹ̀bá títì ti gbé agbada ìyá mi lọ rí. Ó yá owó ra òmíràn, ó sì tún dáná ní ọjọ́ kẹta. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà nítorí pé àwọn ènìyàn ń wò wá.

Ọ̀gá atẹ̀wé ya àwòrán náà fún mi. Ìyá mi wò ó títí, ó ní, "Èyí mọ iṣẹ́. Ọmọ ta ni?" Mo ní, "Ọmọ wa ni, màámi."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, a máa ń tọ babaláwo àti ọdẹ lọ láti kọ ìmọ̀ wọn sílẹ̀, èyí sì dára. Ẹ jẹ́ kí a tọ àwọn alákàrà lọ pẹ̀lú, kí èdè iṣẹ́ wọn má baà run. Ní tèmi, bí ẹnikẹ́ni bá tún bi mí léèrè iṣẹ́ ìyá mi, alákàrà ni.