Ìwé Ló Gbé Ọdún Wá Sínú Ọyẹ́

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ nípa ọdún ìparí oṣù kejìlá ni pé ìbẹ̀rù òkùnkùn ló bí i. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ojúmọmọ ọjọ́ tó kúrú jù, ní nǹkan bí 21 oṣù kejìlá, kò pé wákàtí 8, bẹ́ẹ̀ ti oṣù kẹfà lé ní 16. Ẹni tí oòrùn ń fi sílẹ̀ báyẹn ní ìdí láti dáná, kó jẹ àsè, kó sì máa retí ìmọ́lẹ̀. Àmọ́ ní Ìlobù, láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù lọ́dún, ìyàtọ̀ wọn kò tó wákàtí kan. Oòrùn kì í sá fún wa. Ọyẹ́ ló ń bá wa: eruku aṣálẹ̀ Sàhárà, ètè tó sán, ẹsẹ̀ tó funfun bí ẹni tó tẹ ẹfun, àti òwúrọ̀ tí àwọn àgbà ń yáná lẹ́yìnkùlé. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kejìlá gan-an ni mọ́tò ń kún láti Èkó àti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Ìlobù àti Ìfọ́n, tí ìgbéyàwó, ìnáwó òkú àgbà àti ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń forí gbárí. Ta ló yan ọ̀sẹ̀ yẹn fún wa? Èrò tèmi ni pé ìwé ló yàn án, kì í ṣe ojú ọ̀run.

Ọjọ́ 25 oṣù kejìlá fúnra rẹ̀, inú àlámànàkì ni a ti bá a. Ní 354, Filocalus, akọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ dán, ṣe ìwé kan ní Róòmù fún ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Valentinus. Oṣù, ọdún ìlú, orúkọ àwọn aláṣẹ àti ọjọ́ ikú àwọn bíṣọ́ọ̀bù ló kún inú rẹ̀. Níbì kan nínú ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ pé 25 oṣù kejìlá ni wọ́n bí Jésù. Níbòmíràn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ sí orúkọ Aláìṣeéṣẹ́gun, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé oòrùn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí èwo ló jí èwo gbé, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tó kàn wá ni pé nígbà tí Póòpù Gregory tún kàlẹ́ńdà ṣe ní 1582, ìjọ Rọ́ṣíà kò bá a lọ. 25 tiwọn ń bọ́ sí 7 oṣù kìíní tiwa títí dòní. Oòrùn kan náà ló ń ràn sórí gbogbo wọn, ìwé wọn ló yàtọ̀.

Ẹ̀rí tó tún dùn mọ́ mi jù wà nílé níbí. Erinlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti wí, ọdẹ ni. Ó wọlẹ̀ nítòsí Ìlobù, ó di odò tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba gbé e dání, wọ́n ń pè é ní Inle. Lọ́hùn-ún, kàlẹ́ńdà àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà ló ń sọ ìgbà tí ìlù lè dún níta. Wọ́n bá so Erinlẹ̀ pọ̀ mọ́ áńgẹ́lì Ráfáẹ́lì, ọdún rẹ̀ sì di 24 oṣù kẹwàá. Ní 1969, Róòmù ṣí Ráfáẹ́lì nípò lọ sí 29 oṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n àwọn olórìṣà Cuba dúró ti 24 oṣù kẹwàá wọn. Òrìṣà Olúfọ́n, tí ilé rẹ̀ kò ju Ìfọ́n lọ, ni wọ́n ń pè ní Oxalufã ní Brazil. Ní Salvador, àwọn obìnrin aláṣọ funfun máa ń fi omi olóòórùn dídùn fọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kìíní, òrìṣà funfun sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bọ. Ọdún Ìfihàn, 6 oṣù kìíní, ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ náà, nígbà tí ooru ń mú gan-an lọ́hùn-ún. Odò kankan kò sọ fún Erinlẹ̀ pé oṣù kẹwàá ni tirẹ̀.

Ẹnìkan lè ní kí ìwé tó dé, àwa náà ní òǹkà tiwa. Òótọ́ ni. A ní ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin, a ní ọjà ọrọọrún, a ń wo òṣùpá. Babaláwo sì ń tẹ ojú odù 16 sórí ìyẹ̀ròsùn títí tí wọ́n fi bí 256, ẹni tó bá ní kì í ṣe ìkọ̀wé kó wá ṣàlàyé ohun tí ìkọ̀wé jẹ́. Ṣùgbọ́n òǹkà yẹn ń dá ọjọ́ ni, kò kàn án mọ́ ibì kan nínú ọdún bí ìṣó. Ibi tó sì dá ọdún ńlá sí ní agbègbè wa yìí, ìgbà òjò ni: Ọ̀ṣun Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Ìlobù, oṣù kẹjọ ni, ìgbà tí odò kún tí iṣu tuntun ti jáde. Nígbà tí ìjọba Ọ̀ṣun fún àwọn oníṣẹ̀ṣe ní ọjọ́ ìsinmi, 20 oṣù kẹjọ ni wọ́n kọ sílẹ̀. Àwọn oníṣẹ̀ṣe pàápàá ti wọ inú ìwé.

Àtakò kejì lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n á ní ẹ̀ẹ̀rùn ló fà á, pé àgbàdo ti wọ àká, iṣẹ́ oko ti dínkù, ọ̀nà sì ti gbẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn ṣí ilẹ̀kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣí i láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta. Kí ló dé tí gbogbo wa fi ń gba ibẹ̀ wọlé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo? Nítorí pé ọ́fíìsì àti ilé ìwé ń tì nígbà náà ni. Kì í sì í ṣe ìjọ nìkan ló ń jẹ nínú ìsinmi náà. Mùsùlùmí pọ̀ ní Ìlobù, wọ́n sì ní ìwé tiwọn, tí ọmọ kéú ti ń fi tàdáà kọ sórí wàláà kí ilé ìwé òyìnbó tó dé. Ọdún Hijira fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ti òyìnbó, nítorí náà Iléyá àti ìtúnu ààwẹ̀ ń rìn láti inú òjò bọ́ sínú ọyẹ́. Síbẹ̀ Mùsùlùmí tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ń dúró de ìparí oṣù kejìlá kó tó gbé ìyàwó fún ọmọ rẹ̀.

Bí kàlẹ́ńdà òyìnbó náà ṣe dé orí ògiri wa kò ṣòro láti tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1870 ni Òtúnba Payne, akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́ l'Ékòó, ti ń tẹ àlámànàkì jáde lọ́dọọdún. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ aláṣọ-ẹbí àti mọ́sálásí sọ ọ́ di tiwọn: Kábíyèsí láàárín pẹ̀lú adé, àwọn ìjòyè yí i ká, àwọn olóyè ẹgbẹ́ nísàlẹ̀ nínú aṣọ kan náà, oṣù 12 sì wà ní etí bébà, tí a fi pupa tẹ ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀pọ̀ ń fi í sílẹ̀ lára ògiri lẹ́yìn tí ọdún rẹ̀ ti kọjá, nítorí fọ́tò. Àwọn tó máa tẹ ti 2030 ní iṣẹ́ lọ́wọ́: ẹ̀ẹ̀mejì ni ààwẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní àti ní nǹkan bí 26 oṣù kejìlá, bí òṣùpá bá ti yọ sí. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ fi àsè ọ̀sán pàdé àwọn ọmọ ilé lẹ́yìn Kérésìmesì ọdún yẹn, kó tètè wá ọjọ́ mìíràn.