Olúmọ àti Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Òde Òní: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Ìgòkè ní Abẹ́òkúta

Ìfáárà

Bí a bá fẹ́ kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní mùsíọ́ọ̀mù, sí ẹ̀gbẹ́ ohun ìrántí àtayébáyé, ohun tí àwọn ayàwòrán ilé sábà máa ń rò ni bí ilé tuntun náà yóò ṣe bá ti àtijọ́ mu lójú. Èrò tiwa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìyẹn nìkan kò tó ní Abẹ́òkúta. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí iṣẹ́ tuntun ń ṣe sí ọ̀nà tí a ń gbà dé ibi ìrántí náà.

Àpẹẹrẹ Áténì

Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Acropolis tí Bernard Tschumi yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 2009, jẹ́ àpẹẹrẹ tí a mọ̀ dunjú. Orí òpó ni wọ́n gbé e lé kí ó má ba àwókù ìlú àtijọ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́. Gíláàsì ni apá kan ilẹ̀ rẹ̀, kí àlejò lè máa wo àwókù náà. Wọ́n yí àjà òkè pátápátá kí ó lè bá ìdúró tẹ́ńpìlì Parthenon mu. Ojú ni ilé yìí ń sìn. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí tẹ́ńpìlì náà kì í ṣe ojúbọ mọ́.

Olúmọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà

Ti Olúmọ yàtọ̀. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣíwájú wọn, lẹ́yìn tí ogun ti tú ìlú wọn ká, àpáta náà di ààbò fún wọn. Ibẹ̀ ni orúkọ Abẹ́òkúta ti wáyé. Wọ́n ṣì ń bọ ọ́ títí di òní. Ẹni tí ó bá fẹsẹ̀ gùn ún yóò rí ihò tí wọ́n fara pamọ́ sí àti ojú ibi tí wọ́n ti ń lọ nǹkan lára òkúta; yóò rí ojúbọ; yóò gba àlàfo tóóró kọjá kí ó tó dé ṣóńṣó, níbi tí yóò ti máa wo odò Ògùn àti òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà. Ìfarapamọ́, ìbọ, ìṣọ́nà: ìgòkè náà gan-an ni ìtàn.

Àtúnṣe tí wọ́n ṣe ní 2006 fi ẹ̀rọ agbéniròkè tí a mọ̀ sí lífìtì, àtẹ̀gùn tuntun àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kún un. A kò lè fojú tẹ́ńbẹ́lú èyí. Arúgbó àti aláìlera náà ní ẹ̀tọ́ sí Olúmọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rọ bá gbé gòkè lè dé ṣóńṣó láì fojú kan ihò tàbí ojúbọ. Ìran wíwò nìkan ni yóò gbé lọ sílé, ọmọ Ẹ̀gbá ìbáà jẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí àpáta lè fẹnu ara rẹ̀ sọ, kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé má gbà á sọ. Ohun tí kò lè sọ ni kí ilé gbà rò, bí ìtàn ogun Dahomey ní 1851 àti 1864, tàbí Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní 1859. Kí ilé náà wà nísàlẹ̀, kí ó má ga figagbága pẹ̀lú àpáta. Bí ẹ̀rọ yóò bá sì máa gbéni, kí ó máa dúró níbi tí ìtàn ti dúró, kí ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ gòkè má baà pàdánù ohun tí àwọn baba rẹ̀ sá wá síbẹ̀ fún.