Yíyan Ẹ̀rọ tí ń Kọ Àwo

Ìfọ́n àti Ìlobùú jẹ́ ìlú méjì tí wọ́n múlé gbe ara wọn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí àwọn onílù bá gbé dùndún kọ́ apá ní ọjọ́ ọdún ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, bí àwọn ọdẹ bá ń sun ìjálá, tàbí bí àwọn obìnrin ilé bá ń ki ìyàwó ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ a máa ṣàn lẹ́nu wọn bí odò Erinlẹ̀ ní ìgbà òjò. Ṣùgbọ́n ohùn kò ní apá tí a lè dì mú. Bí ó bá ti jáde lẹ́nu, ó lọ nìyẹn. Bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá sì kú kí ọmọ rẹ̀ tó kọ́ ọ, ó bá a wọ ilẹ̀ lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń gba ohùn àti àwòrán pamọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ oníṣòwò nìkan. Ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tí ó ní ìyá àti bàbá ni.

Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù dúdú ni àwọn baba wa kọ́kọ́ mọ̀. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, kọ orin 43 sínú irú àwo bẹ́ẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ́nù, lábẹ́ orúkọ Zonophone. Àwo ìgbà náà a máa fọ́ bí ó bá já bọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè jókòó sílé kí ó fúnra rẹ̀ kọ ọ́. Nígbà tí Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963, ó di ohun tí ọmọ lè fi gba ohùn bàbá rẹ̀ nínú yàrá. Fídíò tẹ̀lé e: Sony gbé Betamax jáde ní 1975, JVC sì gbé VHS jáde ní 1976. Kásẹ́ẹ̀tì ti ọ̀kan kò wọ inú ẹ̀rọ ti èkejì. Nígbà tí VHS borí, ẹni tí ó ti ra Betamax ń wá kásẹ́ẹ̀tì tì. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ẹni tí ó ra ẹ̀rọ kò ra ẹ̀rọ nìkan. Ó ti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan láìmọ̀.

Àwo tí ń dán yanranyanran, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CD, dé orí àtẹ ní 1982. Ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ni ó kọ́kọ́ ń tẹ̀ ẹ́. Ní 1988 ni Philips àti Sony fi òfin irú èyí tí ènìyàn lè kọ fúnra rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń kọ ọ́ ni àwọn ọlọ́jà ń pè ní bọ́nà, nítorí pé jíjó ni ó ń jó inú àwo náà.

Ẹni tí ó bá ti rí iṣẹ́ aláró rí yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ike ni ara àwo. 12 sẹ̀ǹtímítà ni ó fẹ̀. A ta aró kan sórí ike náà, a sì tẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń dán bí dígí lé orí aró. Nígbà tí a bá fi àwo sínú bọ́nà, ìtànṣán lésà, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ, a máa jó aró náà ní ojúkan, a sì fo ojúkan. Nígbà tí a bá fẹ́ gbọ́ ohun tí a kọ, ìtànṣán tí agbára rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́ a tún gba ọ̀nà kan náà kọjá. Ibi tí kò jó a dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ibi tí ó jó kì í dá a padà dáadáa. Dídán àti àìdán yìí ni ẹ̀rọ ń kà bí ẹni ń ka ìwé. Ohun tí ó ti jó kò ṣe é mú padà, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan péré ni a lè kọ àwo tí a fi R ṣe àmì rẹ̀. Èyí tí a pè ní RW kò ní aró. Irin àdàlù ni ó wà nínú rẹ̀, a sì lè pa á rẹ́ kí a tún un kọ.

Àwo CD kan gba orin ìṣẹ́jú 80, tàbí mẹ́gábáìtì 700. Nígbà tí a bá kọ fíìmù sí i ní ìlànà VCD, kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 80 náà lọ. Ìdí nìyí tí fíìmù Yorùbá kan fi sábà máa ń wà nínú àwo méjì ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 2000. DVD, tí ó jáde ní ilẹ̀ Japan ní 1996, gba gígábáìtì 4.7, èyí tí ó ju ìlọ́po 6 ti CD lọ.

Níbi DVD yìí ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kàkà kí kìnìún ṣe akápò ẹkùn, olúkálùkù yóò ṣe ọdẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Pioneer gbé DVD-R jáde ní 1997. Ní 1998, DVD-RAM dé. Philips, Sony àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ̀ láti tẹ̀lé wọn. Wọ́n gbé DVD+RW jáde ní 2001 àti DVD+R ní 2002. Àmì ìyọkúrò ni ó wà lára ti àkọ́kọ́, àmì ìròpọ̀ ni ó wà lára ti ìkẹyìn. Lójú, àwo méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì, àyè inú wọn sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n àmì tí ń tọ́ bọ́nà sọ́nà lára ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Bọ́nà tí a ṣe fún ọ̀kan nìkan kò lè kọ èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a fi oníṣẹ́ fídíò kan ní Ìfọ́n ṣe àpẹẹrẹ, ní nǹkan bí ọdún 2003. Wọ́n pè é síbi òkú àgbà. Ó gba ìlù, ó gba oríkì, ó gba ohùn àbúrò olóògbé tí òun náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹ̀dà 20 ni àwọn ọmọ olóògbé ń fẹ́. Bí ó bá ti ra bọ́nà alámì ìròpọ̀ nìkan, tí ó sì dé Òṣogbo tí ó bá àwo alámì ìyọkúrò nìkan lórí àtẹ, iṣẹ́ ti dúró. Bí ó bá sì rí àwo rà, tí ó kọ gbogbo rẹ̀ ní DVD, ẹni tí ẹ̀rọ VCD wà nílé rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan wò, nítorí pé ẹ̀rọ VCD kò lè ka DVD, bí ẹ̀rọ DVD tilẹ̀ sábà máa ń ka VCD.

Kí ni ọlọ́gbọ́n yóò ṣe? Èkíní, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta bọ́nà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe ilé ẹni tí yóò wo àwo. Yóò béèrè irú ẹ̀rọ tí wọ́n ní. Èkejì, yóò wá bọ́nà tí ó lè kọ alámì méjèèjì. Sony ti gbé irú rẹ̀ jáde ní 2002, kò sì pẹ́ tí ó fi di ohun tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń ṣe. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ̀kẹta, kò ní fi iyára nìkan yan ẹ̀rọ. Lóòótọ́, bọ́nà tí ń kọ DVD ní ìlọ́po 1 ń lò tó wákàtí kan, ti ìlọ́po 8 kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 lọ. Ṣùgbọ́n bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ láàárín kíkọ, àwo R náà bàjẹ́ nìyẹn. Bátìrì tí yóò gbé kọ̀ǹpútà ró níye lórí ju iyára lọ. Ẹ̀kẹrin, kò ní ra àwo tí ó pọ̀ jù lówó pọ́ọ́kú láìdán ọ̀kan wò, nítorí pé aró tí kò dára kì í pẹ́ ṣá.

Ìtọ́jú ṣe pàtàkì bákan náà. Oòrùn a máa pa aró láwọ̀ lára àwo gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe lára aṣọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ṣọ́ ìsàlẹ̀ CD, wọn a sì fi bírò ẹlẹ́nu ṣónṣó kọ orúkọ sí òkè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òkè gan-an ni irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà wà, kìkì ẹ̀dà tín-ínrín ni ó bò ó. Bí a bá họ ọ́ níbẹ̀, kò sí àtúnṣe.

Ìjà àwọn ilé-iṣẹ́ kò tán níbẹ̀. Blu-ray àti HD DVD tún wọ̀yá ìjà ní 2006, títí Toshiba fi jọ̀wọ́ HD DVD ní oṣù Kejì 2008. Síbẹ̀, aṣẹ́gun pàápàá kò jókòó pẹ́ lórí ìtẹ́: ní oṣù Kejì 2025, Sony dáwọ́ ṣíṣe àwo Blu-ray tí ènìyàn lè kọ dúró. Fóònù àti ohun ìpamọ́ kékeré ti gba ipò àwo lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sí ẹ̀rọ tí ó wà títí láé. Ṣíṣe ẹ̀dà láti inú ti àná sínú ti òní ni ó ń pa ohùn mọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé, àwo ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú wà nísàlẹ̀ àpótí, aró wọn sì ń ṣá díẹ̀díẹ̀. Kí ọmọ tí ó bá ní ọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀ ibi tí wọ́n wà. Kí ó wá ẹni tí bọ́nà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń kọ àwo a máa ka àwo pẹ̀lú. Kí ó ṣe ẹ̀dà wọn ju ẹyọ kan lọ, kí ó sì fi ọ̀kan sí ilé mìíràn. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwo náà ṣì ń sọ̀rọ̀, ọmọ tí a kò tíì bí yóò gbọ́ bí wọ́n ti ń ki baba ńlá rẹ̀.