Ta Ló Ń Pinnu Ṣọ́ọ̀bù Tó Jẹ́ Kòṣeémánìí?

Lọ́dún 2020, ìwé òfin kan pín ṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ England sí èyí tó máa ṣí àti èyí tó máa tì. Ó pín ilé tiwa náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 23, oṣù Kẹta, ọdún 2020, ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, gbogbo wa jókòó síwájú tẹlifíṣàn nílé wa ní London. Boris Johnson, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, ń kéde kónílé-gbélé nítorí àrùn kòrónà. Ọmọ ọdún 16 ni mí. Wọ́n ti fagi lé ìdánwò GCSE wa lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, kí n má purọ́, inú mi dùn díẹ̀.

Inú àwọn àgbà méjì tó wà nílé kò dùn. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Màámi ti ń ṣiṣẹ́. Àǹtí mi, àbúrò Màámi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, onídìrí ni wọ́n. Wọ́n háyà àga kan nínú ṣọ́ọ̀bù irun kan ní Peckham, wọ́n sì ń san owó àga náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ tó parí lórí tẹlifíṣàn, àwọn méjèèjì ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí fún wọn.

Àǹtí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kí ẹ̀yin jáde lọ bá àrùn, wọ́n ní kí èmi jókòó ti ebi." Màámi kò fèsì. Wọ́n dìde lọ wá ìbọ̀wọ́ sínú báàgì iṣẹ́ wọn.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo ti wọ yunifásítì, mo ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ta ló jókòó kọ àtòkọ yẹn? Kí ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n?

Ohun tó wà nínú àtòkọ náà

Ọjọ́ 26, oṣù Kẹta ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England. Ó pín iṣẹ́ ajé sọ́nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ilé oúnjẹ, ilé kọfí àti ilé ọtí: oníbàárà kò gbọdọ̀ jókòó níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè ta oúnjẹ fún ẹni tó máa gbé e lọ. Èkejì ni àwọn tó gbọ́dọ̀ tì pa: sinimá, ilé ijó, ibi eré ìdárayá, ibi tí wọ́n ti ń kun èékánná, onídìrí àti onígbàjámọ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn tó lè ṣí: ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, títí kan àwọn kéékèèké tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò, ṣọ́ọ̀bù oògùn, ilé epo, báńkì, ilé ìfìwéránṣẹ́, alágbàfọ̀, àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́, ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́, dókítà ẹran, àwọn tó ń ta oúnjẹ ajá àti ológbò, àti àwọn tó ń ṣètò ìsìnkú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Rye Lane ní Peckham, ẹ fojú inú wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tó ń ta iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja gbígbẹ lè ṣí. Ẹni tó ń ta léèsì àti ańkárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tì. Àga Àǹtí wà ní òkè ibẹ̀, kò sí ẹni tó jókòó sórí rẹ̀.

Ìbéèrè méjì

Nígbà náà, mo rò pé wọ́n kàn mú orúkọ nínú fìlà ni. Nígbà tí mo padà ka òfin náà fún iṣẹ́ yunifásítì, mo rí i pé ìbéèrè méjì ló wà nídìí rẹ̀. Àkọ́kọ́: bí ibí yìí bá tì, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn? Èkejì: bí ó bá ṣí, èèyàn mélòó ló máa sún mọ́ ara wọn níbẹ̀, báwo ni wọ́n á sì ṣe pẹ́ tó?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló ṣàlàyé ohun tó pa àwa ọmọ iléèwé lẹ́rìn-ín. Bí páìpù bá bẹ́ lóru, ẹni tó fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ ríbi ra irinṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tí kò fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì nílò ẹni tó máa bá a tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní ẹ̀rọ ìfọṣọ, nítorí náà alágbàfọ̀ gbọ́dọ̀ ṣí.

Ọtí ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù ọtí kò sí lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ní kó ṣí. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n fi í kún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò jẹ́ àwàdà pátápátá. Ẹni tí ọtí ti di bárakú fún, tó bá jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìsí dókítà, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ìlú Denver ní Amẹ́ríkà fojú rí ohun mìíràn. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹta kan náà, olórí ìlú náà kéde pé ṣọ́ọ̀bù ọtí máa tì ní ọjọ́ kejì. Kíá ni èrò ya lọ síbẹ̀, wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà gbọọrọ, wọ́n fara kan ara wọn. Láàárín wákàtí díẹ̀, ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Òfin tó fẹ́ tú èrò ká ló kó èrò jọ.

Ìbéèrè kejì ló mú àga Àǹtí. Irun tí wọ́n ń dì lè gba wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà. Èémí onídìrí ń kan oníbàárà lórí, ti oníbàárà ń kan onídìrí lọ́wọ́, nínú yàrá kékeré tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí dáadáa. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ dìrí láti ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, n kò bá ìjọba jà pé wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù irun. Àǹtí fúnra wọn kò bá wọn jà.

Àtòkọ ṣeé tún kọ

Ohun tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn ni pé àtòkọ náà kò dúró sójú kan, àti pé ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè máa ń tètè rọ́nà gbà.

Àwọn tó ń ta òdòdó àti irúgbìn wà lára àwọn tó tì. Ìgbà ìrúwé ni, ọjà wọn ń rọ, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ tó lágbára tó ń bá wọn ké. Ní ọjọ́ 13, oṣù Karùn-ún, wọ́n ṣí, oṣù kan gbáko ṣáájú àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Ìdí gidi wà fún un o, torí ìta gbangba ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń tajà. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún wọn, ta ni ìbá rántí?

Ẹ wo èyí tó kan ilé wa. Báńkì wà nínú àtòkọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń yáni lówó fún ìgbà díẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tí àwọn òbí wa ti ń fowó ránṣẹ́ sílé kò sí níbẹ̀ lórúkọ. Oṣù Kẹrin ni wọ́n tún òfin náà ṣe, tí wọ́n sì dárúkọ wọn. Lójú ẹni tó kọ àtòkọ àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kó dà bí ohun kékeré. Lójú ẹni tí ìyá rẹ̀ wà ní Lagos, oúnjẹ ni.

Nítorí pé Lagos náà ti tì nígbà yẹn. Gómìnà Babajide Sanwo-Olu ti ní kí ọjà tì, àfi àwọn tó ń ta oúnjẹ, omi àti oògùn. Nígbà tó di ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, kónílé-gbélé tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí ọjà oúnjẹ máa ṣí láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí 48. Ìbéèrè méjì kan náà ni wọ́n ń dáhùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbésí ayé yàtọ̀. Ní London, a lè ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì kó wọ inú fìríìjì. Ẹni tí iná rẹ̀ ń ṣe ségesège, tó sì jẹ́ pé owó òní ló fi ń jẹun òní, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì fún gbogbo ìlú ní wákàtí mẹ́rin péré láti ra oúnjẹ, gbogbo wọn máa dé lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Ìyá Àgbà wa ń ta aṣọ ní Lagos, nítorí náà ìsọ̀ wọn tì. Ọwọ́ Àǹtí ni wọ́n ń wò. Àǹtí náà kò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Ta ló san owó rẹ̀?

Ibí ni ẹjọ́ mi gan-an wà. Bí ìlú bá ní kí ẹnì kan ti ṣọ́ọ̀bù nítorí ẹ̀mí gbogbo wa, gbogbo wa ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìjọba gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ná owó púpọ̀. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó máa wo ilé lè gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, tí kò ju £2,500 lọ. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tó bá wà nínú ètò ẹ̀dínwó owó orí ilé ìtajà lè gba £10,000. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ lè gba ìdá 80 èrè oṣù mẹ́ta, tí kò ju £7,500 lọ.

Àǹtí kò bọ́ sí èyíkéyìí nínú wọn. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Àga ni wọ́n háyà, ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe tiwọn. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún ara wọn, ìwé owó orí tó parí ní oṣù Kẹrin ọdún náà sì ni ìjọba ń béèrè. Ó di ọdún 2021 kí wọ́n tó ka irú wọn mọ́ àwọn tó lè gbà. Àtòkọ kan rí wọn nígbà tó fẹ́ tì wọ́n. Àtòkọ kejì kò rí wọn nígbà tó fẹ́ sanwó.

Màámi náà ní ẹjọ́ tiwọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba, ONS, gbé ìròyìn kan jáde. Ó ní bí a bá ti ro ti ọjọ́ orí, ewu kí àrùn náà pa aláwọ̀ dúdú ní England àti Wales ju ìlọ́po mẹ́rin ti aláwọ̀ funfun lọ. Nígbà tí wọ́n tún ro ti ibùgbé, ìṣẹ́ àti àìlera mọ́ ọn, ó ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Kí wọ́n pe iṣẹ́ ẹni ní kòṣeémánìí dùn ún gbọ́, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ìbòmú tó péye ni Màámi ń wá, kì í ṣe àtẹ́wọ́.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí

Bí ìbéèrè méjì yẹn bá tọ̀nà, mo rò pé ó yẹ kí ìkẹta àti ìkẹrin wà. Ẹni tí a tì, ta ló máa san owó ilé rẹ̀? Ẹni tí a ní kó ṣí, kí la fi máa dáàbò bò ó? Àtòkọ tí kò bá dáhùn ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tíì parí. Kò sì sí bí wọ́n ṣe lè dáhùn wọn dáadáa bí kò bá sí ẹnikẹ́ni níbi ìpàdé tó mọ ohun tí owó àga jẹ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n bí síbí, àwa la gbọ́ èdè méjèèjì. Òfin Civil Contingencies Act ti ọdún 2004 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa múra sílẹ̀ de àjálù, kí wọ́n sì máa gba àwọn oníṣòwò nímọ̀ràn lórí bí iṣẹ́ wọn kò ṣe ní dẹnu kọlẹ̀. Ẹ kọ ìwé sí káńsù yín. Ẹ béèrè bóyá àwọn onídìrí, àwọn oníṣọ́ọ̀bù oúnjẹ wa àti àwọn tó háyà àga wà nínú ètò náà. Èmi ti kọ tèmi, mo ń retí èsì.

Ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 2020 ni àwọn onídìrí ṣí padà ní England. Àǹtí fi ike bojú, wọ́n sì kúrò nílé kí aago méje tó lù. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ jókòó sórí àga wọn. Ó ní gèlè lòun ń wé lọ síbi iṣẹ́ láti oṣù Kẹta. Kí wọ́n tó dì í dé ìdajì, ó ti sùn lọ.

Ó pẹ́ kí Àǹtí tó san gbèsè àga tán. Nígbà tí mo ń kọ ìròyìn yìí, mo bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ṣì ń bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá fẹ́ kọ irú àtòkọ yẹn mìíràn, kí wọ́n pè mí. Èmi náà á ní kí wọ́n tì í. Ṣùgbọ́n màá bi wọ́n pé owó àga ńkọ́."