Imọ̀ Ọ̀pẹ Kérésìmesì: Ti Ògún ni àbí ti Jésù?

Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, igi oníke a bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìta ọjà kan láti Àpápá títí wọ Ajégúnlẹ̀. N kò bá ẹni tó ra tirẹ̀ jà. Ohun tó ká mi lára ni pé imọ̀ ọ̀pẹ tí àwọn òbí wa máa ń so mọ́ ẹnu ọ̀nà ń di ohun ìtìjú. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi kan ní ti òrìṣà ni, pé kò yẹ ilé onígbàgbọ́.

Òótọ́ ni pé màrìwò, ọ̀dọ́ imọ̀ ọ̀pẹ, ni Yorùbá mọ̀ sí aṣọ Ògún. Ibi tí a bá sì ta á sí, àlejò kì í wọ ibẹ̀ gìrì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣí Bíbélì. Nínú Jòhánù orí 12, imọ̀ ọ̀pẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mú lọ pàdé Jésù bó ti ń bọ̀ ní Jerúsálẹ́mù. Sáàmù 92 fi olódodo wé igi ọ̀pẹ. Nínú Ìfihàn orí 7, imọ̀ ọ̀pẹ wà lọ́wọ́ àwọn aláṣọ funfun níwájú ìtẹ́. Àmì ayọ̀ àti ìṣẹ́gun ni. Ọba tí wọ́n fi í pàdé ní Jerúsálẹ́mù náà ni à ń kí káàbọ̀ sáyé ní Kérésìmesì.

Lóòótọ́, ọ̀pẹ déètì ni tiwọn lọ́hùn-ún, ọ̀pẹ elépo sì ni tiwa. Síbẹ̀, nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún 19, orúkọ ọ̀pẹ wa ni wọ́n fi pè é.

Ẹ tún wo igi holly ti ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn Kristẹni ibẹ̀ ní ewé ẹlẹ́gùn-ún rẹ̀ dúró fún adé ẹ̀gún, èso pupa rẹ̀ sì dúró fún ẹ̀jẹ̀ Jésù. Bẹ́ẹ̀, kí ìgbàgbọ́ tó gbilẹ̀ ni àwọn ará Róòmù ti ń fi ewé tútù ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà ọdún òrìṣà wọn. Síbẹ̀, wọn kò torí ìyẹn pa holly tì.

Lójú tèmi, ọkàn tí a fi so ewé ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà. Ẹ̀yin òbí titun, bí ẹ bá so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà lọ́dún yìí, ẹ pe àwọn ọmọ sí i, kí ẹ sì sọ ohun tó dúró fún. Bí a kò bá sọ ọ́, igi oníke nìkan ni wọn yóò mọ̀.