Géèmù Àtijọ́ Kò Tíì Kú ní Ajégúnlẹ̀

Ẹni tó bá gbá géèmù PlayStation àkọ́kọ́ dàgbà ní Ajégúnlẹ̀ nílùú Èkó kò ní í gbàgbé ohun tí wọ́n máa ń ṣe bí àwòrán bá ń dúró, tí ohùn sì ń há. Wọ́n á dojú ẹ̀rọ náà dé, ìdí rẹ̀ á kọjú sókè, eré bọ́ọ̀lù á sì máa lọ ní tirẹ̀.

Ohun tó dà bí idán yìí ní ìdí. Nínú àwọn PlayStation tí Sony kọ́kọ́ ṣe, orí ike ni lẹ́ǹsì tó ń ka sídì ti ń rìn lọ rìn bọ̀, ìtòsí ibi tí iná ti ń wọlé ni wọ́n sì gbé e sí. Ooru ń mú un ṣáá. Bó bá pẹ́, ike náà á jẹ, lẹ́ǹsì á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì ní í rí ojú sídì kà dáadáa mọ́. Bí wọ́n bá dojú ẹ̀rọ dé, lẹ́ǹsì á gba ibòmíràn jókòó, á tún máa kàwé rẹ̀ lọ fúngbà díẹ̀.

PlayStation yẹn ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Káàkiri ayé, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí àwọn kan ń kó jọ, tí àwọn kan ń tún ṣe, tí àwọn mìíràn fi ń ṣòwò. Láàárín Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábà máa ń wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tí páàdì, wáyà àti ẹ̀rọ tí wọ́n ti tú kún inú rẹ̀ dé àjà. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kì í pe ara rẹ̀ ní olùtọ́jú ìtàn. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí irú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú géèmù táwọn ọmọ Èkó fi ṣeré dàgbà ì bá ti di pàǹtírí tipẹ́tipẹ́.

Láti orí kásẹ́ẹ̀tì dé orí sídì

Odyssey tí ilé-iṣẹ́ Magnavox ṣe ni ẹ̀rọ géèmù àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún ará ilé láti so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, lọ́dún 1972 ní Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni Channel F ti ilé-iṣẹ́ Fairchild jáde. Jerry Lawson, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Brooklyn, ló ṣáájú àwọn tó ṣe é, Channel F yìí ló sì kọ́kọ́ lo kásẹ́ẹ̀tì tí géèmù fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí ènìyàn lè yọ kó fi òmíràn sí i. Gbogbo ọmọ tó ti yọ kásẹ́ẹ̀tì rí, tó fẹ́ ẹnu sí i, tó tún tì í padà, jẹ Lawson lọ́pẹ́.

Nintendo gbé Famicom jáde ní Japan ní oṣù keje ọdún 1983. Èyí tó wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà, àfarawé rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Éṣíà ni. Owó rẹ̀ kò wọ́n, páàdì méjì ló máa ń bá a wá, ìbọn ike tí wọ́n fi ń yin pẹ́pẹ́yẹ lójú tẹlifíṣọ̀n sì wà lára òmíràn. Wọ́n á kọ ọ́ sára kásẹ́ẹ̀tì pé géèmù 9999 ló wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá ń yí i wò, á rí i pé géèmù mélòó kan péré ni wọ́n ń tún orúkọ wọn pè. Síbẹ̀ Mario wà níbẹ̀, Contra náà sì wà, ìyẹn sì tó láti gba gbogbo ìsinmi ìparí táàmù.

Mega Drive ti Sega, tó jáde lọ́dún 1988, wá lẹ́yìn rẹ̀. PlayStation jáde ní Japan ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1994, PlayStation 2 sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹta ọdún 2000. Kò sí ẹ̀rọ géèmù tó tà tó PS2 yìí: ó lé ní mílíọ̀nù 155 tí Sony tà kí wọ́n tó kéde lọ́dún 2013 pé àwọn ò ṣe é mọ́.

Ajégúnlẹ̀ fọwọ́ méjèèjì gbà á. Àdúgbò tí agbábọ́ọ̀lù Samson Siasia àti Odion Ighalo ti jáde wá, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń jẹ, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń mu. Nígbà tí Winning Eleven ti ilé-iṣẹ́ Konami dé, àwọn ọmọ tó ti gbá bọ́ọ̀lù nínú eruku láti àárọ̀ á tún wọ ṣọ́ọ̀bù géèmù nírọ̀lẹ́, iye ìdíje ni wọ́n á máa fi ka owó, ẹni tí wọ́n bá sì nà ni yóò san án. Bí Ọlọ́run bá ṣe é tí NEPA mú iná lọ nígbà tí góòlù kù díẹ̀ kó wọlé, ariwo tó máa sọ, ará ilé kejì á gbọ́. Eré bọ́ọ̀lù Konami yìí kan náà, PES 2014, wà lára àwọn géèmù tó jáde fún PS2 kẹ́yìn pátápátá.

Àpápá ni ilẹ̀kùn

Lọ́dún 1926 ni wọ́n ṣí èbúté tí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè gúnlẹ̀ sí ní Àpápá. Èbúté Tin Can tẹ̀ lé e lọ́dún 1977, nígbà tí ẹrù pọ̀ ju ohun tí Àpápá lè gbé lọ. Ẹ̀rọ iná tòkunbọ̀ tó ń gba èbúté méjèèjì yìí wọlé kò kéré. Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel lórí ìdọ̀tí eléwu fún Áfíríkà, tó wà ní Ìbàdàn, fi ọdún 2015 àti 2016 ṣọ́ ẹrù náà bó ṣe ń wọlé. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ló ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún kan, àti pé ó lé ní 15,000 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ tó ti bàjẹ́ kó tó dé. Ilẹ̀ Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti wá, Jámánì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Bẹ́ljíọ̀mù sì wà lára àwọn tó ṣíwájú.

Ohun kan tún wà nínú ìwádìí náà tí oníṣòwò géèmù kankan kò ní í bá jiyàn: nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù náà ló wọlé nínú ikùn mọ́tò tòkunbọ̀. Tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì ló ń gba àyè jù. Géèmù kéré, abẹ́ ìjókòó tàbí kọ̀rọ̀ búùtù gbà á. Ẹni tó bá já ẹrù sílẹ̀ ní Tin Can á tà á lápapọ̀ fún alájàpá, bó ṣe wà ni wọ́n sì máa ń tà á. Òmíràn á gba ọ̀nà Mile 2 lọ sí ọjà Alaba ní Ọ̀jọ́, òmíràn á ya Ajégúnlẹ̀ tó wà nítòsí. Inú àpò kan náà ni PS2 tó mọ́ tónítóní ti lè fara kan èyí tí omi ti wọ̀.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ

Kí alájàpá tó mọṣẹ́ tó fọwọ́ kan súìṣì, ó máa ń yí ẹ̀rọ wò lẹ́yìn. Lára PS2, wọ́n kọ lẹ́tà SCPH síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ló sì ń sọ ìlú tí wọ́n ṣe é fún. Bó bá jẹ́ 0, Japan ni. Bó bá jẹ́ 1, Amẹ́ríkà ni. 3 ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 4 sì ni ti ìyókù ilẹ̀ Yúróòpù.

Nítorí iná ni wọ́n ṣe ń wá nọ́ńbà yìí. Folti 100 ni iná Japan, 120 ni ti Amẹ́ríkà, àmọ́ tiwa lé ní 220. PS2 oníkùn ńlá tó ti Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n bá kì í bọ iná Èkó tààrà, á pariwo kan ṣoṣo, á sì dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ra tàǹsífọ́mà tó ń dín iná kù, tàbí kí oníṣẹ́ yọ pátákó iná inú rẹ̀, kó fi ti èyí tó wá láti Yúróòpù dípò rẹ̀. Àwòrán náà ní wàhálà tirẹ̀. Ìlànà àwọ̀ tí Amẹ́ríkà ń lò nígbà náà yàtọ̀ sí PAL tí Nàìjíríà ń lò, ìdí nìyẹn tí géèmù tó ti Amẹ́ríkà wá fi lè gbé àwòrán dúdú àti funfun jáde lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí kò mọ̀ ju PAL lọ.

Lẹ́yìn iná, lẹ́ǹsì ló kàn. Oníṣẹ́ á tú ìdè, á ṣí ìdérí, á fi òwú tó ti tẹ sípírítì nu ojú lẹ́ǹsì jẹ́jẹ́, á fi gíríìsì díẹ̀ sí ọ̀nà tó ń gbà rìn. Bí sídì kò bá tíì kà, ìdè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ǹsì tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bí wọ́n bá yí i díẹ̀, iná lẹ́ǹsì á lágbára sí i, sídì á sì kà. Níbí ni wọ́n ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́. Ẹni tó bá yí i jù, géèmù á ṣiṣẹ́ níṣojú oníbàárà, àmọ́ lẹ́ǹsì á jó kú láàárín àsìkò díẹ̀. Ọ̀gá gidi á fi mítà wọ̀n ọ́n kó tó fi tọnáfísì kàn án.

Iṣẹ́ kan tún wà tí gbogbo Èkó mọ̀ wọ́n mọ́, ìyẹn fífi ṣíìpù sí i. Sony kọ lẹ́tà mẹ́rin kan pamọ́ sí etí inú ojúlówó sídì PlayStation: SCEI fún Japan, SCEA fún Amẹ́ríkà, SCEE fún Yúróòpù. Ẹ̀rọ tí kò bá rí lẹ́tà tirẹ̀ kò ní í gba sídì náà. Ṣíìpù tí wọ́n ń jó mọ́ pátákó inú rẹ̀ ló ń pe lẹ́tà yìí sí i létí, kó lè gba sídì ìlú mìíràn, kó sì gba ẹ̀dà pẹ̀lú. Àwọn tó ni géèmù kò rí owó kankan gbà lórí ẹ̀dà wọ̀nyẹn, òótọ́ tí kò ṣeé fi pamọ́ nìyẹn. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé, láìsí ẹ̀dà, ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó lè gbá géèmù ì bá mọ níba.

Nígbà tó di ọdún 2008, àwọn akọ̀wé kọ̀ǹpútà kan gbé ètò tí wọ́n ń pè ní Free McBoot jáde. Orí mémórì káàdì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, PS2 á sì lè gba géèmù láti orí fìlàṣì tàbí háàdì dísìkì. Bí lẹ́ǹsì kú, kò ṣe é ní nǹkan kan mọ́. Ètò yìí ló sọ PS2 tí wọn ì bá gbé jù sílẹ̀ di ohun títà padà. Àwọn tí Sony ṣe kẹ́yìn nìkan ni kò gbà á, oníbàárà tó gbọ́n sì ń béèrè kó tó sanwó.

Owó ńlá níbẹ̀, owó kékeré níbí

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ẹnì kan san mílíọ̀nù méjì dọ́là ra kásẹ́ẹ̀tì Super Mario Bros. kan ní Amẹ́ríkà. Wọn kò tíì ṣí ọ̀rá ara rẹ̀ rí. Lọ́dún 2020, ẹ̀rọ àwòṣe tí Nintendo àti Sony jọ ṣe kí wọ́n tó tú ká ti tà ní $360,000. Irú olówó bẹ́ẹ̀ kò ní í fi kásẹ́ẹ̀tì náà ṣeré láéláé.

Ohun tí wọ́n ń wò ní Ajégúnlẹ̀ yàtọ̀. Ṣé ó ń tàn? Ṣé páàdì méjèèjì ń ṣiṣẹ́? Ṣé wọ́n ti ṣí i rí? Oníbàárà á jókòó, á gbá ìdíje kan tán pátá kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan àpò. Sídì tó ń tà jù kì í ṣe ojúlówó, àwọn tí wọ́n ti fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù tòní sí ni, kí géèmù tí wọ́n ṣe lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn lè gbé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ti sáà yìí jáde.

Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe yìí ṣe pàtàkì ju owó rẹ̀ lọ. Lọ́dún 2023, àjọ Video Game History Foundation ní Amẹ́ríkà ṣèwádìí, wọ́n sì rí i pé ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún géèmù àtijọ́ tó jáde lórílẹ̀-èdè náà ni ilé-iṣẹ́ kankan kò tà ní tuntun mọ́. Ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé The Strong ń tọ́jú tiwọn. Tiwa wà lórí sídì tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ, aró tó gba àkọsílẹ̀ dúró lára irú sídì bẹ́ẹ̀ sì ń ṣá bí ọdún ti ń gorí ọdún, pàápàá níbi tí ooru àti ọ̀rinrin bá pọ̀ bíi ti ẹ̀bá òkun.

Ewu mìíràn ni àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá ni wọ́n ń wá jù nítorí bàbà inú rẹ̀, wọ́n á fọ́ ọ, òjé inú gíláàsì rẹ̀ á sì wọlẹ̀ lọ. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe ìlànà lórí ìdọ̀tí ẹ̀rọ iná láti ọdún 2011, NESREA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ètò àyíká, ló sì wà fún un. Fún ẹni tó ń tọ́jú géèmù, àdánù náà jẹ́ méjì, torí ìbọn ike tí wọ́n fi ń yin pẹ́pẹ́yẹ kò lè ṣiṣẹ́ lójú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ìwòyí. Irú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ yẹn nìkan ló bá a mu.

Ẹni tí géèmù àtijọ́ bá wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ lè ṣe nǹkan kan lónìí. Kó má fẹ́ ẹnu sí kásẹ́ẹ̀tì mọ́, itọ́ ń jẹ́ kí irin rẹ̀ dípẹtà. Òwú àti sípírítì ló yẹ ẹ́. Kó ka nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀rọ kó tó kì í bọ iná. Bó bá ti kú, kó gbé e lọ bá oníṣẹ́ kó tó pe ẹni tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, nítorí lẹ́ǹsì, pátákó iná àti ihò páàdì inú PS2 kan tó kú lè jí méjì mìíràn dìde. Àjọ LASTVEB tó ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ ìjọba ní Èkó náà ní ipa tirẹ̀: kí wọ́n pe àwọn ọ̀gá wọ̀nyí wọ kíláàsì, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n tú ẹ̀rọ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹnì kan sì máa kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀ ní Yorùbá tí wọ́n fi ń sọ ọ́.