Ìdí Tí Dókítà Fi Ń Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Ẹni Tó Ń Lo Oògùn Ọkàn Wò

Àwọn ará wa kan ní Mọdákẹ́kẹ́ tó ní àìsàn ọkàn máa ń béèrè pé: “Ara mi ti yá, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń gba ẹ̀jẹ̀ mi ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n’Ílé-Ifẹ̀?” Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn oògùn ọkàn kan wà tí ìwọ̀n tó ń woni sàn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí èyí tó lè pani lára. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ọ̀kan nínú wọn ni warfarin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Bí ó bá kéré jù, ẹ̀jẹ̀ lè dì kó sì fa àrùn rọpárọsẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú ara. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní INR ló ń fi èyí hàn. Ti ẹni tí kò lo warfarin máa ń jẹ́ nǹkan bí 1; ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó, 2 sí 3 ni dókítà ń fẹ́. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ugu lè dín agbára oògùn yìí kù. Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ lè mú kó pọ̀ sí i. Kò pọn dandan kí ẹ yẹra fún ẹ̀fọ́, àmọ́ ẹ má ṣe yí ìwọ̀n tí ẹ ń jẹ padà lójijì, kí ẹ sì sọ fún dókítà kí ẹ tó gbààwẹ̀ tàbí kí ẹ tó mu àgbo.

Èkejì ni digoxin. Láti ọdún 1785 ni dókítà William Withering ti kọ̀wé nípa irú ewéko tí oògùn yìí ti wá. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè fa èébì, kí ojú máa rí nǹkan ní àwọ̀ ìyeyè, kí ọkàn sì máa lù ségesège. Ó kéré tán, wákàtí 6 lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó ni kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, kí àyẹ̀wò má bàa ṣini lọ́nà. Wọ́n tún ń wo bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ìwọ̀n potassium, torí oògùn tó ń múni tọ̀ lè dín potassium kù, digoxin á sì wá di ewu.

Nítorí náà, ara yíyá nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, bí owó àyẹ̀wò bá ń dá ẹnì kan dúró, ìrànlọ́wọ́ ìjọ lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là.